"Ọkùnrin irin" nínú họ́kì: kí gan-an ni wọ́n ń kà?

Lálẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2022, Phil Kessel, tó ń gbá họ́kì orí yìnyín fún ẹgbẹ́ Arizona, bọ́ sórí yìnyín ní Detroit, ó sáré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, ó jáde, kò sì padà wọlé mọ́. Bàálù ti ń dúró dè é. Àkọ́bí rẹ̀ ń bọ̀ wá sáyé ní Arizona. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a gbá èyí tó kù. Síbẹ̀, nínú ìwé NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ó kópa nínú ìdíje ọjọ́ yẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀ títí fèrè fi dún.

Ohun tí ìṣẹ́jú-àáyá 30 yẹn gbà là ni àwọn tó ń wo họ́kì orí yìnyín ń pè ní "ironman streak". Ọkùnrin irin ni orúkọ náà túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n àìpa-ìdíje-jẹ ló bá a mu jù létí mi: iye ìdíje tí ẹnì kan gbá léraléra láìpa ẹyọ kan jẹ. Tí a bá ní ọmọ kan kì í pa iléèwé jẹ, ohun tí à ń sọ ni pé wọ́n máa ń bá a ní kíláàsì. A ò sọ pé ibà kì í ṣe é, a ò sì sọ pé òun ló ń gba ipò kìíní. Bí ti họ́kì náà ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí Kessel ń gbá, ìdíje 82 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gbá ní sáà kan, àwọn yẹn nìkan ni wọ́n ń kà. Àwọn ìdíje ife Stanley, tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn sáà láti mọ ẹgbẹ́ tó gba líìgì, kò sí nínú rẹ̀. Kessel bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, nígbà tí sáà 2022-23 sì fi parí, ó ti di 1,064. Nígbà yẹn, Keith Yandle ló tẹ̀ lé e pẹ̀lú 989, Doug Jarvis gbá 964.

Ẹ̀sùn táwọn kan fi ń kan Kessel ni pé kì í fi ara kọlu èèyàn. Nínú họ́kì, òfin gbà kí èèyàn fi èjìká tàbí ìbàdí gbá alátakò tí pọ́ọ̀kì (ohun tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bíi bọ́ọ̀lù) wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi fara lu pátákó tó yí pápá ká. Àwọn kan ń fi ìyẹn jẹun. Kessel ní tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ń gbà sáré, góòlù ló ń wá. Wọ́n ní ẹni tí kì í jà, kí ló dé tí a óò fi máa pè é ní irin?

Ẹ tún òfin yẹn wò dáadáa. Ẹni tí pọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n lè gbá. Ẹni tó wá ń gbé pọ́ọ̀kì kiri ní gbogbo alẹ́ ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn má gbá ẹlòmíì, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n má gbá òun náà. Kí Kessel rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ kó sì yẹ̀ kúrò, iṣẹ́ ni ìyẹn jẹ́. Àwọn àgbà ṣáà ní akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ. (Kí ẹnikẹ́ni tó pè é lọ́lẹ, kó rántí pé ọmọkùnrin yìí ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ní ọdún 2006, kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó sì padà sórí yìnyín ní sáà yẹn kan náà.)

Pọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀, rọ́bà líle tó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 170. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ó bá Yandle lẹ́nu, eyín mẹ́sàn-án ló bà jẹ́. Kò sẹ́ni tó kọlù ú. Ó padà wọlé nínú ìdíje yẹn gan-an, ó sì tún gbá ti ọjọ́ kejì.

Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ohun tó máa ń fòpin sí kíkà náà. Andrew Cogliano ti gbá 830 nígbà tí líìgì fòfin dè é fún ìdíje méjì ní oṣù Kìíní ọdún 2018, torí pé ó kọlu ẹnì kan lọ́nà tí kò yẹ. Fífi ara gbáni ló ba tirẹ̀ jẹ́, kì í ṣe pé wọ́n gbá a. Steve Larmer dúró lórí 884 nítorí aáwọ̀ òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Garry Unger dé 914, akọ́nimọ̀ọ́gbá fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Jarvis ló yọ ọ́ ní 1987, ti Yandle náà ló yọ òun ní 2022, ara àwọn méjèèjì sì le. Ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ò rí ìwúlò rẹ̀ mọ́, bó ti wù kí ó mọ ìkọlù yẹ̀ tó, kò lè dé ẹgbẹ̀rún.

Tó bá jẹ́ ìyà tí ara jẹ la fẹ́ wọ̀n, ìyẹn yàtọ̀, Kessel kọ́ ni màá sì kọ́kọ́ dárúkọ. Glenn Hall ni. Aṣọ́lé ni, ó gbá ìdíje 502 léraléra láàárín ọdún 1955 sí 1962, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, láìfi ohunkóhun bo ojú. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún ló dá a dúró.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí 1,064 yẹn, alẹ́ Detroit ni kó gbé wá, kó fi ti ìkọlù sílẹ̀. Tàbí kó mú oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún 2023 wá, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Las Vegas ń gbá ìdíje ife Stanley títí wọ́n fi gba ife, tí Kessel sì jókòó wòran nínú èyí tó pọ̀ jù. Kíkà rẹ̀ kò já, nítorí wọn kì í ka ìyẹn. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ NHL kankan kò bá a tọwọ́ bọ̀wé. Kò pa ìdíje kankan jẹ. Kò kàn sí ẹgbẹ́ tó máa gbá a fún mọ́ ni.