Bí Wákàtí Ṣe Ń Darí Ẹ̀kọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Dublin

Dublin, tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì, wà lára àwọn ìlú tí àwọn àjèjì ń rọ́ lọ láti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá àwọn ará Bràsíl. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò kí wọ́n tó gbéra ni pé ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè, èdè náà yóò mọ́ ọn lẹ́nu fúnra rẹ̀. Ètò náà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí wákàtí ni ó dá lé: wákàtí ni ìjọba ń kà kó tó fúnni ní àṣẹ ìgbélùú, wákàtí ni ilé ẹ̀kọ́ ń tà, wákàtí náà ni wọ́n sì fi pààlà sí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe gbowó.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù, tó sì fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ kó tún máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò lè kàn forúkọ sílẹ̀ níbi tó bá wù ú. Ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní ILEP, ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀sẹ̀ 25, kò sì gbọdọ̀ dín ní wákàtí 15 lọ́sẹ̀. Èyí já sí wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, yálà láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án. Àṣẹ oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ń fún ẹni bẹ́ẹ̀: ọ̀sẹ̀ 25 fún ẹ̀kọ́, ìyókù fún ìsinmi. Kí ọdún 2016 tó wọlé, oṣù 12 ni. Láàárín ọdún 2014 sí 2015, àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni bíi mélòó kan kógbá sílé lójijì ní Dublin, owó àwọn tó ti san gbogbo owó wọn sílẹ̀ sì wọgbó. Bẹ́ẹ̀ ni ìfura wà pé ìwé àṣẹ ni àwọn ibòmíràn ń tà, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Látìgbà náà ni òfin ti le sí i, tí wọ́n sì ń béèrè pé kí ilé ẹ̀kọ́ ní ètò tí yóò dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá tì.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti balẹ̀, ó ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjèjì. Yóò kó ìwé ìrìnnà, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́, ìwé adójútòfò ìlera àti ẹ̀rí owó tí yóò fi gbọ́ bùkátà lọ. Yóò san Yúrò 300, wọn yóò sì fún un ní káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní IRP, tó ní àmì Stamp 2, èyí tó fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà PPS tún wà, tí wọ́n fi ń yọ owó orí, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀rí àdírẹ́sì kí wọ́n tó fúnni. Ibí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ti máa ń kọ́, torí pé ilé gbígbà wọ́n gógó ní Dublin: ẹni tó ń sùn sí yàrá tí àwọn mẹ́ta mìíràn wà, tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé owó iná tàbí ìwé àdéhùn ilé, kò ní ohun tí yóò fi hàn.

Ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ máa ń gba ẹni tuntun ní ọjọ́ Ajé. Ìdánwò kékeré kan, pẹ̀lú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀, ni wọ́n fi ń mọ ibi tó yẹ kí ẹni náà jókòó sí nínú ìpele mẹ́fà tí Council of Europe gbé jáde ní ọdún 2001, láti A1 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá títí dé C2 tó wà lókè pátápátá. Nítorí pé àwọn kan ń wọlé ní ọjọ́ Ajé tí àwọn mìíràn ń parí ní ọjọ́ Ẹtì, kíláàsì kan náà kì í ní ojú kan náà fún oṣù kan gbáko. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọ ìlú kan náà jókòó pọ̀. Ẹni tó ń sọ Potogí ni yóò mú ti ẹni tó wá láti Tọ́kì, kó má baà sí èdè mìíràn tí wọ́n lè sá sí. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, olùkọ́ kì í já lu ẹnikẹ́ni. Ìwé kékeré ló ń kọ àṣìṣe sí, tó bá sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n túká, yóò kọ gbólóhùn kan sójú pátákó láìdárúkọ ẹni tó sọ ọ́: "I am living here since two months." Gbogbo kíláàsì yóò wá a títí wọn yóò fi rí i pé "I have been living here for two months" ló tọ́. Ẹni tó ni àṣìṣe náà mọ ara rẹ̀, ìyẹn sì tó.

Ṣùgbọ́n ibo ni wákàtí wọ̀nyí lè gbé ènìyàn dé? Àwọn tó ń ṣe ìdánwò Cambridge fojú bù ú pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo nílò nǹkan bíi wákàtí 180 sí 200 pẹ̀lú olùkọ́ kó tó dé A2, 350 sí 400 kó tó dé B1, àti 500 sí 600 kó tó dé B2. Ọ̀sẹ̀ 25 lọ́nà wákàtí 15 jẹ́ wákàtí 375. Ẹni tó bá dé pẹ̀lú A2 lè fi ìyẹn kan B2 lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, bí kò bá pa kíláàsì jẹ. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, B1 ni kó máa wò.

Òdìkejì ìṣirò náà ni iṣẹ́. Ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni òfin gbà. Wákàtí 40 kò ṣeé ṣe àyàfi láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹsàn-án, àti láti ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, ìgbà yòówù kí ilé ẹ̀kọ́ fúnni nísinmi. Láàárín ọ̀sẹ̀ 25, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ dé ààlà rẹ̀ yóò lo wákàtí 500 níbi iṣẹ́, èyí tó ju ti kíláàsì lọ. Èdè tí wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́ wá di kókó. Ẹni tó ń fọ abọ́ ní kọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ pẹ̀lú àwọn ará ìlú rẹ̀ yóò gbowó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò ní là tó ti ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Èdè tí oníbàárà ń sọ kò sì jọ ti rédíò kíláàsì. Nọ́ńbà mẹ́ta, "three", lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Dublin dún bí "tree", ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe igi. "Grand" lẹ́nu wọn kò ju pé nǹkan dára. Ẹni tó ní "I'm after eating" kò wá oúnjẹ rárá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, bí èdè ìbílẹ̀ Írẹ́lándì ṣe ń sọ ọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ń kọ ìwọlé àti àìwọlé sílẹ̀ lójoojúmọ́, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni wọ́n ń retí. Ní ìparí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò tí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ náà ló ṣètò rẹ̀, bíi IELTS. Bí ó bá fẹ́ gba àṣẹ tuntun, yóò tún forúkọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 25 mìíràn, yóò tún san Yúrò 300, yóò sì mú àkọsílẹ̀ ìwọlé rẹ̀ dání. Pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ènìyàn lè gba àṣẹ yìí, tí gbogbo rẹ̀ já sí ọdún méjì. Lẹ́yìn náà, ó di kí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀ kí ọjọ́ orí káàdì rẹ̀ tó pé.