Bí Ìròyìn Èkó Ṣe Ń Sọ Ọ̀dọ́langba Di Ọ̀daràn Tàbí Àràmàǹdà

Dúró nídìí àtẹ ìwé ìròyìn ní Ojúẹlẹ́gba láàárọ̀, láàrin àwọn tó ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀dọ́langba sábà máa ń gbà yọjú sí iwájú ìwé: ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tàbí ó ṣe ohun àrà kan tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Ọmọ tó jí, tó fọ abọ́, tó wọ dáńfó lọ sílé ìwé, tó sì padà wá bá ìyá rẹ̀ jókòó ti ọjà kò sí níbẹ̀. Ìyẹn kò burú, torí kò sí ìwé ìròyìn tó lè gba gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú. Ohun tó gba àlàyé ni ìdí tí ọ̀nà mẹ́ta yìí fi ń padà wá, kódà lọ́jọ́ tí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò bá wọn mu.

Ibi tí wọ́n ti ń bu ìròyìn ló ṣe pàtàkì jù. Akọ̀ròyìn tó ń kọ nípa ìwà ọ̀daràn kì í rìn kiri Múṣín kó máa wá ọmọ tí yóò bá sọ̀rọ̀. Olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìkẹjà lojú rẹ̀ ń wò. Alukoro ọlọ́pàá á fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ lórí WhatsApp, orúkọ, ọjọ́ orí, ẹ̀sùn àti ohun tí wọ́n bá lára ọmọ náà ti pé síbẹ̀. Olóòtú ń retí ìròyìn kí ìwé tó wọ ẹ̀rọ lálẹ́. Ọmọ ọdún 16 tí wọ́n mú ní Ṣómólú ní tirẹ̀ kò ní alukoro. Wọ́n ti gba fóònù rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì lè má tíì mọ tẹ́ṣàn tó wà. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ìtàn ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀ròyìn lè má kórìíra ọmọ kankan o.

Ẹ má sì rò pé ibi tó jìnnà ni àwọn iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn jókòó sí. Iléeṣẹ́ The Nation wà ní òpópónà Fatai Atere ní Matori, nínú Múṣín níbẹ̀. Ti Vanguard wà ní Kirikiri Canal ní Àpápá, Rutam House ti The Guardian sì wà ní Ìsọlọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ̀wé nípa wọn ń kọjá níwájú géètì wọn lójoojúmọ́.

Bí ìtàn bá ti dé tábìlì olóòtú, wọ́n á wá orúkọ tí wọ́n máa pe ọmọ náà. Ọmọ ọdún 16 tí mọ́tò gbá ní Ìkòròdú, ọmọdé ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn ti di géńdé, ó ti di jàǹdùkú. Tí àwọn ọmọ bá na ẹnì kan nílé ìwé olówó gọbọi ní Lekki, a ó gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́, wọn á pe onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá wá sórí tẹlifíṣọ̀n kó wá ṣàlàyé. Kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Agége, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, ọlọ́pàá nìkan ló sì máa ṣàlàyé.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003, Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sì ni wọ́n pè lọ́mọdé. Òfin 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohun tó lè jẹ́ kí aráyé dá ọmọ tó ṣẹ̀ sófin mọ̀ jáde. Àwọn oníròyìn fúnra wọn fẹnu kò ní Ìlọrin ní 1998 pé àwọn kò ní í dárúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, àwọn kò sì ní í gbé àwòrán rẹ̀ jáde, nínú ẹjọ́ ìbálòpọ̀, ìwà ọ̀daràn tàbí ti ètùtù àti àjẹ́. Wo àlàfo yẹn dáadáa: òfin ní 18, ìlànà iṣẹ́ ní 16. Ọmọ ọdún 16 àti 17 bọ́ sí àárín. Ní 2021, Èkó tún òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ṣe, ó ní kí ọlọ́pàá yéé to afurasí síwájú oníròyìn. Ṣùgbọ́n fóònù kan nínú tẹ́ṣàn ti tó láti ya àwòrán. Wọ́n lè bo ojú ọmọ náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ sábẹ́ àwòrán, kí irun àti aṣọ rẹ̀ hàn kedere. Ta ni kò ní í mọ̀ ọ́n ní ojúlé tó ń gbé?

Ọ̀rọ̀ JAMB ọdún 2025 ló tú àṣírí iṣẹ́ yìí jù lọ. Ọmọ 1,955,069 ni èsì wọn jáde lóṣù Karùn-ún, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kò sì gba tó 200 nínú 400. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àlàyé ti pọ̀ bí omi lórí rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn ọmọ ìwòyí kì í kàwé, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáá. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní tirẹ̀ sọ pé ó fi hàn pé ọ̀nà màgòmágó ti dí. Ọ̀lẹ nìyẹn, oníjìbìtì nìyí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra, orí ọmọ ni wọ́n jọ sọ ẹrù náà sí.

Ohun méjì ló fara sin. Àkọ́kọ́, 200 kì í ṣe òdiwọ̀n àṣeyege nínú JAMB. Ìdánwò náà kàn ń to àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì tẹ̀lé ara wọn ni, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ iye tó fẹ́, bí kò bá ti kéré sí èyí tí JAMB àti àwọn ilé ìwé fẹnu kò lé lórí. Ní 2024, ọmọ 1,402,490 nínú 1,842,464 kò gba tó 200, nítorí náà èsì 2025 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Èkejì ló wá le jù. Àwọn ọmọ ti ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé máàkì tí àwọn rí kì í ṣe ti àwọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jáde sọ pé àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n ṣe sórí kọ̀ǹpútà kò dé ibùdó ìdánwò 157. Márùndínláàádọ́rin nínú wọn wà ní Èkó, níbi tí ọmọ 206,610 ti ṣèdánwò. Ọmọ 173,387 ló kù, lápá ìlà-oòrùn gúúsù. Ní ọjọ́ 16 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèdánwò mìíràn.

Àṣìṣe yẹn kọ́ ló fà á tí máàkì gbogbo orílẹ̀-èdè fi kéré. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ọjọ́ mélòó kan, ọmọ tó lé ní ẹgbàá lọ́nà ọgọ́rùn-ún ní Èkó ni wọ́n ń pè lọ́lẹ nítorí ẹ̀rọ. Nígbà tí òótọ́ sì dé, omijé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oloyede sun níwájú àwọn oníròyìn ló gba iwájú ìwé. Àgbàlagbà tún ni, ẹ ò rí i.

Ti ọmọ àràmàǹdà dà bí ẹni pé ó dára, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà ṣiṣẹ́. Ní 2020, fídíò ọmọkùnrin kan ní Ajángbádì tó ń jó bálẹ̀ẹ̀tì nínú òjò láìwọ bàtà yí gbogbo ayé ká. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ikorodu Bois tún gbayì, àwọn ọmọ tó ń fi bárò àti abọ́ ilé ṣe àfarawé fíìmù ńláńlá. Kí ìròyìn tó sọ ẹ̀bùn ọmọ, á kọ́kọ́ sọ òṣì rẹ̀: òjò, ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ lásán. Ohun tí kì í pẹ́ lẹ́nu wọn ni iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀. Ọmọ Ajángbádì yẹn kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Leap of Dance Academy tí Daniel Ajala dá sílẹ̀, níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gba ẹ̀kọ́. Bí ìròyìn bá sọ̀rọ̀ olùkọ́ àti ọ̀pọ̀ ọdún ìdánrawò, ìyanu inú rẹ̀ á dín kù. Òǹkàwé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé àwọn ọmọ tó kù ládùúgbò náà lè mọ nǹkan kan ṣe.

Lẹ́yìn tí ìtàn bá jáde, kì í dúró sójú kan. Olóòtú rédíò á túmọ̀ àkọlé rẹ̀ sí Yorùbá nínú ètò àtẹ̀jáde ìwé ìròyìn òwúrọ̀, àkọlé nìkan, èèyàn á sì pe ibùdó wọlé láti dá àwọn òbí òde òní lẹ́bi. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà tí kónílé-ó-gbélé Kòrónà ń lọ lọ́wọ́, ìròyìn pé One Million Boys, ẹgbẹ́ jàǹdùkú kan, ń bọ̀ fò láti fóònù dé fóònù. Ní Agége, Ìjú àti Alágbàdo, àwọn èèyàn ń jó táyà lóru, wọ́n mú àdá dání. Kì í ṣe pé kò sí olè rárá, àmọ́ ọ̀pọ̀ àdúgbò ṣọ́ òru mọ́jú láìrí ẹnì kankan. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin tó bá ń rìn lẹ́yìn aago méje kò nílò láti ṣe nǹkan kan kí wọ́n tó dá a dúró. Ọlọ́pàá á kó àwọn kan, Alukoro á fi àtẹ̀jáde sórí WhatsApp, ìròyìn mìíràn á sì dé.

Àwọn tí wọ́n kó yẹn á dé kóòtù. Ẹjọ́ á sún, á tún sún, adájọ́ sì lè dá ọmọ sílẹ̀ nítorí pé ẹlẹ́rìí kò yọjú. Akọ̀ròyìn kò sí ní kóòtù lọ́jọ́ náà, torí kò sẹ́ni tó fi àtẹ̀jáde ìdásílẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ bá tẹ orúkọ rẹ̀ sínú Google, ìròyìn ọjọ́ tí wọ́n mú un ló máa rí.