Kúlà ńlá kọ́ ni oògùn gíà tó ń gbóná

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹnikẹ́ni tó bá fi píkọ́ọ̀pù dísẹ̀lì fa tírélà gun òkè, tí gíà ọ́tò rẹ̀ wá gbóná, ohun kan náà ni wọn yóò wí fún un: "Lọ ra kúlà tó tóbi jù, ó tán." Kúlà yìí ni rédíétọ̀ kékeré tí ọ́ìlì gíà ń gba inú rẹ̀ kọjá kí ó lè tutù. Pé ooru ń ba ọ́ìlì gíà jẹ́, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ìbéèrè tèmi ni pé: níbo lẹ ti wọn ooru ọ̀hún? Wọ́n á ní dìgírì 120 ni kí àwọn tó de kúlà ńlá, ó ti di 90 báyìí. Ó dáa. Ṣé nínú páànù ìsàlẹ̀ gíà ni, àbí lára páìpù tí ọ́ìlì ń gbà lọ sí kúlà? Inú torque converter, ìyẹn ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, ni ọ̀pọ̀ ooru náà ti ń wá, nígbà tí kò bá tíì lọ́ọ̀kì, tó jẹ́ pé ọ́ìlì nìkan ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé gíà. Kí ọ́ìlì yẹn tó gba kúlà padà sí páànù, ara rẹ̀ ti rọ̀. Ẹni tó ń wo géèjì páànù ń yin ara rẹ̀, ọ́ìlì sì ń jóná nínú converter. Bí converter bá lọ́ọ̀kì, tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà tààrà, ooru yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Nítorí náà, ẹni tó tẹ bọ́tìnì tow/haul (èyí tó ń sọ fún gíà pé ọkọ̀ ń fa ẹrù), tó sì jẹ́ kí gíà sọ̀kalẹ̀ lásìkò, lè ti yanjú ohun tí òmíràn ń fi owó kúlà lé kiri.

Ẹlòmíràn de kúlà tán, géèjì kò yẹ̀ lójú títì tẹ́jú, ló bá ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Rárá o. Ọ̀pọ̀ gíà ní fáàfù tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì dé kúlà àfi tó bá gbóná dé ìwọ̀n kan. Àwọn kan á yọ fáàfù náà dànù, inú wọn á dùn pé ọ́ìlì tutù. Ọ́ìlì tutù a máa ki, bẹ́ẹ̀ àwọn gíà kan kì í jẹ́ kí converter lọ́ọ̀kì títí ọ́ìlì yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ káre!

Kúlà ńlá níwájú rédíétọ̀ náà a sì máa ta ooru rẹ̀ sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

N kò ní kí ẹ má rà á. Bí converter bá ti lọ́ọ̀kì, tí ẹrù sì wúwo tí géèjì ṣì ń gòkè, bóyá kúlà ló kù. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ họ́ọ̀sì rọ́bà tí wọ́n kàn fi kílíìpù dè: tó bá já, ọ́ìlì tó tú sórí ẹ́súọ̀sì gbígbóná lè gbiná. Bí ẹ bá sì rí ọ́ìlì gíà tó pupa rẹ́súrẹ́sú bíi mílíìkì, omi rédíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má tún sítáàtì ọkọ̀ náà.