Kì Í Ṣe Gbogbo Dúróònù Ni Jámà Lè Mú Balẹ̀

Ìgbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé dúróònù ti kọlu ibùdó àwọn ọmọ ogun níbì kan, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi béèrè pé ṣebí ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń tà lọ́jà àgbáyé, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tàn án, gbogbo dúróònù tó bá wà lójú òfurufú ni yóò já bọ́. Kí ló wá dé tí ìjọba kò rà á? Wọ́n béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí ISWAP fi dúróònù ju bọ́ǹbù sí ibùdó ológun ní Wajiroko, ní ìpínlẹ̀ Borno, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Wọ́n tún béèrè rẹ̀ nígbà tí dúróònù tí wọ́n rí nítòsí pápákọ̀ òfurufú Copenhagen ní Denmark mú kí wọ́n ti ibẹ̀ pa fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ìdánilójú tó wà nínú ìbéèrè náà ló ń sú mi, bí ẹni pé gbogbo iṣẹ́ ti parí, tó ku kí a kàn sanwó.

Ẹ̀rọ náà wà lóòótọ́. Jámà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti tú ìgbì rédíò jáde, kí ó fi bo ìgbì tí dúróònù ń gbọ́ mọ́lẹ̀. Pé ó ń ṣiṣẹ́, kò yẹ kí a máa jiyàn lé e lórí: RUSI, ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ ààbò tó wà ní London, kọ ọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé Ukraine ń pàdánù dúróònù bíi 10,000 lóṣooṣù nínú ogun tó ń bá Rọ́ṣíà jà, dídí ìgbì rédíò sì kó ipa tó pọ̀ nínú àdánù yìí. Òwò rẹ̀ náà kì í ṣe òwò kékeré. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ DroneShield ti ìlú Sydney ní Ọsirélíà kéde pé òun rí iṣẹ́ mílíọ̀nù 61.6 dọ́là Ọsirélíà gbà, láti pèsè ohun èlò fún àwọn ológun orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àwọn ènìyàn rò pé dúróònù gan-an ni jámà ń bá jà. Jámà kò fọwọ́ kan mọ́tò rẹ̀, kò fọwọ́ kan bátìrì rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan bọ́ǹbù tí wọ́n so mọ́ ọn. Gbogbo agbára rẹ̀ kò ju kí ó má jẹ́ kí dúróònù gbọ́ràn lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra jámà kọ́kọ́ béèrè ni pé, kí tilẹ̀ ni dúróònù tí mo ń bẹ̀rù yìí ń gbọ́?

Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà fún yíya àwòrán sábà máa ń gbọ́ ohùn méjì. Àkọ́kọ́ ni ti rìmóòtù ọwọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀, èyí tó sábà máa ń wà lórí ìgbì 2.4 GHz tàbí 5.8 GHz; èkejì ni ti àwọn sátẹ́láìtì GPS, tó fi ń mọ ibi tí ó wà. Bí jámà bá bo ohùn rìmóòtù mọ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ti tò sínú dúróònù náà tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣe: ó lè yí padà síbi tó ti gbéra, ó lè dúró sójú kan lókè, ó sì lè rọra balẹ̀. Bí wọ́n bá bo ti GPS mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbé e kiri. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí èyí tó jẹ́ jíjá bọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Bí dúróònù tó gbé bọ́ǹbù bá sì rọra balẹ̀ sí àárín bárékè, n kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí a pe ìyẹn ní ìṣẹ́gun.

Ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe jìnnà síra tún wà níbẹ̀. Agbára ìgbì rédíò máa ń dín kù bó bá ṣe ń jìnnà síbi tó ti jáde. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára náà ni yóò kù. Nítorí náà, dúróònù tó ṣì wà nítòsí ẹni tó ń darí rẹ̀ yóò máa gbọ́ ohùn onítọ̀hún ketekete, bí jámà tilẹ̀ ń pariwo lókèèrè. Ìgbà tó bá súnmọ́ jámà ni ariwo náà yóò tó borí. Ṣùgbọ́n dúróònù FPV, èyí tí adarí rẹ̀ ń fi kámẹ́rà iwájú rẹ̀ ríran bí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Ukraine, tó bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, yóò rin 300 mítà láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 11. Ẹni tó ń darí rẹ̀ ti lè kọjú rẹ̀ sí ọkọ̀ ológun náà gan-an kí ariwo tó dé, eré tó bá bọ̀ yóò sì gbé e parí iṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà àti ti Ukraine kò yé sún ìgbì wọn kúrò lórí èyí tí jámà ọ̀tá ń bò lọ sórí òmíràn, débi pé jámà tí wọ́n fi owó gọbọi rà lè di ẹrù lásán láàárín oṣù díẹ̀.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ dúróònù tó ń gbọ́ ìgbì. Ní ọdún 2024 ni Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí lo èyí tí kò gbọ́ ọ rárá, pàápàá ní agbègbè Kursk ní Rọ́ṣíà, Ukraine náà sì ṣe tirẹ̀. Agolo kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n wé okùn fáíbà tín-ín-rín sí nínú, irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀, tó lè gùn tó kìlómítà 10 tàbí 20, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dúróònù ṣe ń fò ni okùn ń tú sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Inú okùn yìí ni àṣẹ ń gbà lọ, ibẹ̀ náà ni àwòrán ń gbà bọ̀. Àwọn pápá kan wà ní ìlà-oòrùn Ukraine tí okùn wọ̀nyí ti bo koríko àti ẹ̀ka igi, tí wọ́n sì ń dán yinrin bí oòrùn bá là. Kò sí ìgbì tí jámà yóò bò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti máa tẹ́tí sí ìgbì, kí ó lè kìlọ̀ pé dúróònù ń bọ̀, kò ní gbọ́ nǹkan kan pẹ̀lú. Okùn náà lè já, ó lè kọ́ igi, ó sì ń wúwo lára dúróònù, ṣùgbọ́n jámà kò lè gba ògo ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Shahed-136 tí Iran ṣe, tí Rọ́ṣíà ń pè ní Geran-2, le ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n ti kọ ibi tí ó ń lọ sínú rẹ̀ kí ó tó gbéra, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní adarí tí ẹnikẹ́ni lè gé ohùn rẹ̀. Ó ń lo sátẹ́láìtì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń ṣírò bó ṣe rìn tó àti ibi tó kọjú sí. Ẹni tó mọ ọ̀nà oko, bí wọ́n bá di í létí, yóò ṣì dé oko. Síbẹ̀, n kò lè sọ pé jámà kò rí wọn mú: nínú ìròyìn àràárọ̀ wọn, àwọn ọmọ ogun òfurufú Ukraine máa ń ka àwọn kan sọ́tọ̀ pé wọ́n sọnù lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n yìnbọn fún wọn. Àmọ́ Rọ́ṣíà tún máa ń rán dúróònù ẹlẹ́tàn olówó pọ́ọ́kú mọ́ wọn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi iye àwọn tó sọnù polówó ọjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ mélòó ló gbé bọ́ǹbù nínú wọn.

Àwọn ohun ìjà yòókù lọ́jà ní àléébù tiwọn. Ní ọdún 2017, Ọ̀gágun David Perkins ti Amẹ́ríkà sọ ní gbangba pé orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ wọn kan fi mísáìlì Patriot tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 3 dọ́là já dúróònù 200 dọ́là lulẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní DragonFire, ohun ìjà wọn tó ń fi ìtànṣán lésà jó nǹkan, kì í ná ju 10 pọ́n-ùn lọ fún yíyìn kan, ṣùgbọ́n kùrukùru àti òjò ń dín agbára ìtànṣán rẹ̀ kù. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Gepard, ọkọ̀ oníbọn tí àwọn ológun Jámánì ti pa tì láti ọdún 2010, wà lára ohun tó ti já Shahed lulẹ̀ dáadáa ní Ukraine.

Ìwé ìpolówó jámà sábà máa ń sọ iye kìlómítà tí agbára rẹ̀ lè dé. Kì í sábà sọ irú dúróònù tí wọ́n fi dán an wò, bí ó ṣe jìnnà sí adarí rẹ̀ tó, àti ohun tí dúróònù náà ṣe lẹ́yìn tí kò gbọ́ràn mọ́. Ẹni tó bá rà á láìbéèrè ìwọ̀nyí, orúkọ ẹ̀rọ ló rà.

N kò sọ pé kí ológun má ra jámà o. Bó bá jẹ́ pé dúróònù ọjà lásán ni ọ̀tá ń lò, ó jọ pé ibùdó tó ní jámà yóò sàn ju èyí tí kò ní lọ, bí wọ́n bá ní ìbọn àti ẹni tó ń ṣọ́nà pẹ̀lú rẹ̀. Bí yóò ṣe máa rí bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó sinmi lé ìgbà tí okùn fáíbà yóò fi dé ọwọ́ ọ̀tá náà.

Ẹ̀yin tó wà ní Britain àti Amẹ́ríkà, tí ẹ ń rí jámà kéékèèké lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sì ń rò ó pé ẹ ó fi lé dúróònù aládùúgbò lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Òfin ìlú méjèèjì kò gba aráàlú láyè láti lò ó, nítorí kò mọ dúróònù yàtọ̀ sí ohun mìíràn: èyí tó ń bo 2.4 GHz ń bo Wi-Fi àdúgbò, èyí tó ń bo GPS ń bo ti ọkọ̀ òfurufú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, FCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà, dábàá ìtanràn 31,875 dọ́là fún awakọ̀ kan ní New Jersey, nítorí pé jámà GPS inú ọkọ̀ rẹ̀ ń da ẹ̀rọ tó ń tọ́ ọkọ̀ òfurufú sọ́nà ní pápákọ̀ Newark láàmú. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá; kò kàn fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ mọ ibi tí òun ń wakọ̀ lọ ni.