Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ọkọ̀ Ọjà Ìjẹ̀bú: Bí A Ṣe Fi Òkun Sílẹ̀ Mú Ọ̀sà

Àwọn kan wà láyé òde òní tí wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ kékeré onígbòkun, àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún péré, tí wọ́n á la agbami Atlantic já, tí wọ́n á sì tún wa ọkọ̀ ọ̀hún padà sílé. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè béèrè pé kí ló dé tí àwọn baba wa, tí òkun ò jìnnà sí, kò fi gbìyànjú ẹ̀ wò. Kì í ṣe pé omi ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ìtàn ọkọ̀ tó ń ná Ẹ̀pẹ́, Èjìnrìn, Ìkòròdú àti Èkó kí títì tó dé ló sì lè ṣàlàyé ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Téèyàn bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde tó kọjú sí gúúsù, igbó ni yóò là kọjá, lẹ́yìn náà àbàtà, kó tó wá kan ọ̀sà. Ọ̀sà yìí àti àwọn odò tó so mọ́ ọn nà láti ìhà Àgbádárìgì, ó gba Èkó, ó gba Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kkí, ó sì lọ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín òun àti òkun. Létí òkun náà, ìgbì ń ya lu ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Apẹja tó gbójú lè gba inú ìgbì yẹn jáde, ṣùgbọ́n ta ni yóò kó iṣu àti epo rẹ̀ síbẹ̀? Ẹnu ọ̀nà tó gbòòrò tó gba ọkọ̀ wọlé ni ti Èkó, òun náà sì léwu.

Ọkọ̀ kékeré tó kọ́kọ́ la òkun wá bá wa, ti àwọn Potogí ni. Ọ̀gá awakọ̀ wọn kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín 1505 sí 1508 pé ẹnu ọ̀nà Èkó yìí burú, pé ìgbì ń fọ́ lórí òkìtì iyanrìn ibẹ̀ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, àti pé ọkọ̀ tí kò ju 30 tàbí 35 tọ́ọ̀nù lọ nìkan ló lè wọlé. Ó dárúkọ ìlú ńlá kan, "Geebuu", tí wọ́n wa yàrà yí ká, ó sì pe ọba ibẹ̀ ní "Agusale". Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí a máa sọ fún pé Awùjalẹ̀ ló ń wí. Ó sọ ohun tí wọ́n ń rà pẹ̀lú: eyín erin díẹ̀, àti èèyàn. Ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ 12 tàbí 15 ni wọ́n ń san lórí ẹrú kan. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn, kò yẹ ká fi aṣọ bò ó nítorí pé a fẹ́ yin àwọn baba wa.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti pín sí méjì. Ẹni tó bá ti òkun dé yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó bá sì ti ẹnu ọ̀nà wọnú ilẹ̀, ọkọ̀ tiwa ni yóò gbé e. Aṣọ tí wọ́n hun ní Ìjẹ̀bú rìn jìnnà ju ahunṣọ rẹ̀ lọ: àwọn òyìnbó rà á, wọ́n tún un tà ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, wọ́n kó o dé Brazil. Ìjẹ̀bú ò san owó ọkọ̀, kò sì rán ọmọ rẹ̀ bá aṣọ náà lọ sórí òkun. Lójú tèmi o, ẹni tí ọjà ń wá bá nílé ò nídìí tó fi ń wá ọjà lọ sínú agbami.

Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀ yìí, igbó Ìjẹ̀bú ò sì ṣaláìní igi: ìrókò wà, arère wà. Wọ́n á gé igi lulẹ̀, wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á wá máa yá a níná díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lè là. Ìdí iná yìí la ti ń mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ yanjú. Bí iná bá pọ̀ jù, igi á sán. Bí kò bá tó, ọkọ̀ á há, kò ní gba ẹrù.

Lójú omi, ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ ni ọ̀gá, nítorí òun ló ń tọ́ ọ. Àwọn alájàpá àti ẹrù wọn á wà láàárín. Àwọn géńdé tó wà níwájú ló ni ọ̀pá gígùn, torí ọ̀sà ò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Géńdé á ti ọ̀pá bọ omi títí yóò fi kan ilẹ̀, á fi èjìká tì í, á wá máa rìn létí ọkọ̀ láti iwájú bọ̀ wá sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì máa yọ́ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá dé ẹ̀yìn, á fa ọ̀pá yọ, ó di iwájú. Níbi tí ọ̀pá ò bá ti kanlẹ̀ mọ́, àjẹ̀ ni wọ́n á mú. Bí afẹ́fẹ́ bá dára, wọ́n á ta ìgbòkun. Nígbà tó yá, àpò ìyẹ̀fun àti àpò ìrẹsì ni wọ́n ń tú, tí wọ́n ń rán pọ̀ ṣe ìgbòkun. Irú ẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀sà Èkó dòní, orúkọ ilé iṣẹ́ oníyẹ̀fun á hàn gàdàgbà lára ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ náà ní ìwà tirẹ̀. Lọ́sàn-án, láti ìhà òkun ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́, nítorí náà ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ wálé ló ń jẹ̀gbádùn ìgbòkun. Ẹni tó kẹ́rù lọ sí Èkó ló ń fi apá ara rẹ̀ jìyà, àfi bí ọyẹ́ bá dé tó tì í lẹ́yìn. Ohun tó mú kí òru dára fún àlọ nìyẹn, nígbà tí ọ̀sà bá ti rọ̀.

Ohun tó wá sọ Ẹ̀pẹ́ di èbúté ńlá ni ogun Èkó. Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde. Ẹ̀pẹ́ ló sá sí, Awùjalẹ̀ sì gbà á. Òun àti Òṣòdì Tápà, olórí ogun rẹ̀, pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn kó ọkọ̀, ìbọn àti òwò wọn wá. Ní 1853, ó fi ọkọ̀ ogun padà kọlu Èkó, kò ṣeé ṣe. Ní 1854, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá májẹ̀mú ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí wọ́n gbà fún un láti padà sílé ní 1862, àwọn tó bá Òṣòdì padà tẹ̀dó sí ibi tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ sí Ẹpẹ́tẹ̀dó. Àwọn kan ò padà o. Ìran wọn ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ tó ń ṣọdún Káyòkáyò dòní.

Èjìnrìn ní tirẹ̀, oúnjẹ ló fi jọba, kì í ṣe ogun. Ọjọ́ ọjà rẹ̀, ọkọ̀ á kún etí omi, ẹrù òkè á máa sọ̀ kalẹ̀, iyọ̀ àti aṣọ òyìnbó á máa gòkè. Oníbodè wà lójú ọ̀nà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú ò sì gbọdọ̀ kọjá lọ bá òyìnbó fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa ló ń pa á lówe pé Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì ò wọ̀ ọ́, bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú á kàn rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n sanwó ibodè.

Ní oṣù Karùn-ún 1892 ni ìyẹn dópin. Ojú ọ̀sà yìí náà làwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wá, wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun wa létí odò kan ní Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà ṣí fún tolórí-tẹlẹ́mù. Kò pẹ́ tí rélùwéè fi ti Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, kò yà sọ́dọ̀ wa rárá, ẹrù òkè sì bá a lọ. Títì ló wá gba èyí tó kù. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ẹ̀pẹ́, Èjìnrìn àti Ìkòròdú bọ́ síbẹ̀, ó wá ku àgbègbè Ogun Waterside fún Ìjẹ̀bú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ní Makun-Omi àti Ìwòpin, ọkọ̀ ṣì ń ná omi, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ló wà nídìí rẹ̀ báyìí. Ìyọnu tuntun wọn ni water hyacinth, koríko olódòdó tó léfòó bọ́ sínú ọ̀sà wa láti nǹkan bí 1984. Bó bá ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, awakọ̀ á pa á, á gbé e sókè, á máa fi ọ̀bẹ gé koríko kúrò. Ọmọ ọkọ̀ á ti mú ọ̀pá gígùn ní gbogbo ìgbà yẹn, á máa ti ọkọ̀ kúrò nínú koríko.