Ìpẹtà Kọ́ Ló Sáábà Ń Dá Ẹ̀rọ Ìránṣọ Àtijọ́ Dúró

Nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Òró àti ní Òmù-Àrán, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá àgbà kan wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní ẹ̀yìnkùlé, tí kẹ̀kẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò yí mọ́. Ohun tí àwọn ará ilé gbà gbọ́ ni pé ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọnú, pé ó ti kú, àti pé kò sí ohun tó kù ju kí a wọ̀n ọ́n tà fún àwọn ọlọ́mọlanke tó ń ra irin àlòkù. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń dùn mí, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó lọ bẹ́ẹ̀ ṣì lè rán aṣọ.

Ojú irin tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ń kàn ni ìpẹtà máa ń mú: etí kẹ̀kẹ́ ọwọ́, irin pẹlẹbẹ tó bo bọ́bìnnì tí wọ́n ń yí òwú ìsàlẹ̀ sí, àti ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Ní ti inú ẹ̀rọ, níbi tí ọ̀pá ti ń yí nínú ihò rẹ̀, epo tí aránṣọ ti ń kán sí i láti ọdún gbọọrọ ṣì wà níbẹ̀, òun ló sì ń dáàbò bo irin náà. Ṣùgbọ́n epo ọ̀hún kì í wà bó ṣe wà. Bí afẹ́fẹ́ ti ń bá a jà fún ọdún púpọ̀ ni ó ń ki sí i, títí yóò fi di oje líle aláwọ̀ rúsúrúsú, irú èyí tó máa ń gbẹ mọ́ ẹnu ìgò òróró nílé ìdáná, eruku ọyẹ́ a sì tún pò mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà burú jù níbi tí ẹnì kan bá ti fi òróró ẹ̀pà rọ́pò epo máṣíìnì, nítorí kíákíá ni irú òróró bẹ́ẹ̀ ń di gọ́ọ̀mù.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dìde kò gbọdọ̀ fi agbára yí i, torí agbára a máa ṣẹ́ ohun tí ìpẹtà kò lè ṣẹ́. Kí ó kọ́kọ́ yẹ ilé bọ́bìnnì àti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ọwọ́ wò, nítorí òwú àtijọ́ tó há síbẹ̀ nìkan tó láti dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. Lẹ́yìn náà, kí ó tú kókó kékeré àárín kẹ̀kẹ́ ọwọ́, èyí tí àwọn télọ̀ máa ń tú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yí òwú sí bọ́bìnnì. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń yí lẹ́yìn tí a tú u, tí abẹ́rẹ́ kò sì mira, a jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ni epo gbígbẹ ti di ọ̀pá mú. Kẹrosíìnì díẹ̀ ló ń yọ́ ọ. A ó kán an sí gbogbo ihò epo àti gbogbo oríkèé tí irin ti ń fi ara kan irin, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí iná kò sì sí nítòsí. A ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a ó wá rọra máa mi kẹ̀kẹ́ náà síwá-sẹ́yìn. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó gbà. Sùúrù yìí gan-an ni adùn iṣẹ́ náà, ní tèmi. Nígbà tó bá ń yí tán, a ó nu omi dúdú tó jáde, a ó sì kán ojúlówó epo máṣíìnì sí i, nítorí kẹrosíìnì ń fọ irin ni, kì í pẹ́ lára rẹ̀ tó fi lè jẹ́ kó máa yọ̀.

Sáńpépà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ mú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ń ba ẹwà ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́ tó o. Ó ń họ ọ̀dà dúdú àti iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ wúrà tó wà lára rẹ̀ kúrò, kò sì sí kíkùn tó lè dá a padà. Sípírítì náà ń yọ́ ohun tó ń dán tí wọ́n fi bo iṣẹ́ ọnà ọ̀hún. Epo máṣíìnì àti aṣọ rírọ̀ tó.

Àwọn mìíràn a ní kò sí ohun èlò rẹ̀ mọ́. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ ńlá tí Singer ti ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ní Clydebank, ní Scotland, ti kógbá wọlé láti 1980. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí Singer 15, ọ̀kan lára irú ẹ̀rọ àtijọ́ wọn, ń lò kò yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ máṣíìnì ilé ń lò lónìí, àwọn Butterfly tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà sì tẹ̀lé àwòṣe Singer 15 yìí débi pé bọ́bìnnì kan náà ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá ń ta ohun èlò Butterfly nítòsí wa ń ta ti Singer 15 náà nìyẹn.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ ló ń jí. Irin dídà ni ara ẹ̀rọ wọ̀nyí. Kì í tẹ̀, ńṣe ló ń là bó bá já bọ́, èyí tó bá sì ti là ní apá kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Kí irú rẹ̀ tó dé ọwọ́ ọlọ́mọlanke, ó yẹ kí a tú skúrù ara rẹ̀ pa mọ́, nítorí Singer ní ìwọ̀n skúrù tirẹ̀, èyí tí a ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lásán kì í sáàbà wọ ihò rẹ̀.