Ọ̀nà Tó Já àti Ọ̀nà Tí Kò Já

Ẹ wo ilé méjì tó kẹ́yìn síra. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Bí ọmọ bá ń ké nínú ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́ ọ nínú èkejì. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde sí títì ńlá, kó rìn lẹ́bàá mọ́tò, kó yà wọ géètì kejì, kó wá rìn padà dé ìdí ògiri kan náà. Ilé ò jìnnà síra. Ọ̀nà ni kò já.

Oríta la fi ń mọ bí ọ̀nà ìlú ṣe wọnú ara wọn tó. Ibi tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé gba 4, oríta mẹ́ta gba 3, ìdí ọ̀nà tí kò já gba 1. Bí ìpíndọ́gba wọn bá ṣe ń sún mọ́ 4 ni ìlú ṣe rọrùn láti rìn tó. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà nírú ìlú bẹ́ẹ̀: bí ibì kan bá dí, èèyàn á gba ibòmíràn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ àti ẹṣin ni wọ́n fi ń rìn, ìlú tó ń fẹ̀ kì í sábà fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ láìjá. Lọ́dún 1811, wọ́n ti ya títì Manhattan, ní New York, sórí ìwé kí ilé tó dé orí púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Cerdà, ẹnjiníà ará Sípéènì, ṣe irú rẹ̀ fún ìlú Barcelona ní 1859. Mọ́tò ló yí i padà. Radburn, ní New Jersey, bẹ̀rẹ̀ ní 1929 pẹ̀lú àwọn ọ̀nà kúkúrú tí kò já, kí mọ́tò àlejò má baà gba ibẹ̀ kọjá. Láàárín ọdún 1934 sí 1939, Federal Housing Administration, àjọ ìjọba tó ń ṣe onídùúró fún owó ìkọ́lé ní Amẹ́ríkà, gba àwọn tó ń kọ́lé tà níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní olówó tirẹ̀. Oníkálukú ra tirẹ̀, ó mọ odi yí i ká, ó já ẹnu ọ̀nà kan sí títì ńlá. Kò sẹ́ni tó ni ọ̀nà tó yẹ kó wà láàárín ẹ́sítéètì méjì, nítorí náà kò sẹ́ni tó là á. Ìdákẹ́jẹ́ tí ilé mẹ́wàá ń gbádùn nínú lọ́hùn-ún, títì ńlá ló ń san án: gbogbo mọ́tò wọn ń ya lu ibì kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀sì kò lè wọlé tọ èrò lọ, ẹlẹ́sẹ̀ náà á sì ra mọ́tò nígbà tó bá yá.

Àwọn onímọ̀ méjì, Barrington-Leigh àti Millard-Ball, ṣèwádìí títì Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé nǹkan bí ọdún 1994 ni àṣà ọ̀nà tí kò já yìí dé góńgó níbẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, ńṣe ló ṣì ń pọ̀ sí i.

Ohun tó mú kó ká ni lára ni pé ọ̀nà máa ń pẹ́ ju ilé lọ. Iná jó London ní 1666, ó jó Chicago ní 1871. Ilé lọ, àmọ́ ojú títì àtijọ́ ni wọ́n padà kọ́lé sí, àfi díẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣì ṣófo ni kí wọ́n ti là á já. Lẹ́yìn náà, kódà ihò tó gba ẹnì kan ṣoṣo lára ògiri àárín ilé méjì yẹn, àfi kí onílẹ̀ méjèèjì fọwọ́ sí i.